Koríko tó ní májèlé àti ooru: ìbéèrè tí àwọn tó ń sin màlúù ní Àbújá àti Òkè Ọya máa ń béèrè

Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń sin màlúù ní agbègbè Àbújá ń pọ̀ sí i, ẹni tó ní mẹ́ta sí Kuje, ẹni tó ní ogún sí Gwagwalada, ẹni tó kó tiẹ̀ sọ́wọ́ bàbá Fúlàní kan ní Kwali tó jẹ́ pé òpin ọ̀sẹ̀ ló ń lọ wò wọ́n. Láti oṣù kejì títí òjò á fi rọ̀ dáadáa, ìbéèrè kan náà ló ń wọlé: màlúù ń mí hẹlẹhẹlẹ, èyí kò jẹun, èyí ṣubú, èyí kú lójijì. Ohun tí màlúù jẹ àti ooru tó ń mú un, wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni, ẹni tó bá sì ń wo ọ̀kan láìwo ìkejì á kàn máa ná owó lórí abẹ́rẹ́ lásán.

Màlúù mi wà lábẹ́ igi, oòrùn ti wọ̀, síbẹ̀ ó ṣì ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣé ooru ni àbí nǹkan míì?

Ó lè jẹ́ ooru o. Ara màlúù kì í tutù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí oòrùn bá ti wọ̀, ooru tó ti kó jọ láti àárọ̀ máa ń pẹ́ kó tó jáde, kódà ó máa ń tó wákàtí mélòó kan lẹ́yìn tí oòrùn ti le jù kí ara màlúù fúnra ẹ̀ tó wá gbóná jù, òru ló wá fi ń tú u dànù. Ìdí nìyẹn tí oṣù kẹta àti oṣù kẹrin fi burú níbí, òru gan-an kì í tutù, màlúù á jí pẹ̀lú ooru àná lára kí tòní tó wá bá a. Inú ẹ̀ náà sì ń mú ooru jáde, torí koríko tó jẹ máa ń kan nínú àpòlúkù ẹ̀ bí ògì ṣe ń kan, bó sì ṣe ń kan ló ń gbóná, pàápàá koríko gbígbẹ tó ti le bí igi.

Àmọ́ tó bá jẹ́ ọ̀kan tàbí méjì ló ń mí bẹ́ẹ̀ tí àwọn tó kù dúró dáadáa, ẹ má tíì di ẹ̀bi ru oòrùn. Ẹ pe ẹni tó dà wọ́n, kẹ́ ẹ bi í pé ibo ni wọ́n ti jẹun lónìí, kí ni wọ́n jẹ, ṣé wọ́n gba inú oko ẹnikẹ́ni kọjá.

Mo gbọ́ pé koríko kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ kí ooru dá màlúù lóró. Ṣé òótọ́ ni?

Òótọ́ ni, ó sì dáa kéèyàn mọ ìtàn ẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ koríko àti ooru ti hàn kedere jù. Tall fescue lorúkọ ẹ̀. Ní 1931 ni E. N. Fergus, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní University of Kentucky, rí koríko kan ní oko kan ní Menifee County tó dára gan-an, wọ́n gba irúgbìn ẹ̀, wọ́n dán an wò, wọ́n sì gbé e jáde fún àwọn àgbẹ̀ ní 1943, Kentucky 31 ni wọ́n pè é. Kíákíá ló gba gbogbo ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà kan, torí kò bẹ̀rù ọ̀dá, kòkòrò kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́, ẹran lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó tún dìde. Ṣùgbọ́n màlúù tó ń jẹ ẹ́ kì í sanra nígbà ooru, irun tó yẹ kó re lára wọn á gùn sí i á rí jákujàku, wàrà á dínkù, abo kò ní tètè lóyún, inú omi àti inú ẹrẹ̀ ni wọ́n á dúró sí látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá wá di ìgbà òtútù tí yìnyín ń bọ́ lọ́hùn-ún, ṣóńṣó etí, ṣóńṣó ìrù àti ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, òmíràn á já bọ́.

Àfi ìgbà tó di 1977 tí Charles Bacon àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Georgia rí i pé fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, irú nǹkan tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá bu, ló ń gbé inú koríko yẹn, ojú lásán ò lè rí i. Fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí ló ń ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní ergovaline, iṣẹ́ májèlé náà sì ni kó máa fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Ẹ wò ó báyìí: tí ooru bá mú màlúù, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń gbé ooru inú wá sí abẹ́ awọ kí afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí rádíétọ̀ ṣe ń ṣe fún ẹ́ńjìnnì mọ́tò. Tí iṣan bá ti fún, ẹ̀jẹ̀ ò lè dé abẹ́ awọ dáadáa, ooru á há sínú. Ooru tí màlúù aládùúgbò ń fara dà wẹ́rẹ́ ló máa dá tìẹ gúnlẹ̀. Nígbà òtútù, iṣan kan náà tó fún yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dé ẹsẹ̀ àti etí, ìyẹn ni wọ́n fi ń kú.

Wọ́n gbìyànjú láti gbin èyí tí kò ní fọ́ńgọ́ọ̀sì nínú rárá ní àwọn ọdún 1980, ṣùgbọ́n ọ̀dá àti ẹnu ẹran pa á dànù, torí fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn gan-an ló ń fún koríko lágbára. Nígbà tó yá ni wọ́n rí fọ́ńgọ́ọ̀sì míì tó ń fún un lágbára tí kì í mú ergovaline jáde. Àwọn tó ṣì ní ti àtijọ́ nílẹ̀ máa ń gbin ewéko míì tó ń jẹ́ clover mọ́ ọn kí májèlé tó ń wọnú ẹran lè dínkù.

Ṣé a ní fescue ní Nàìjíríà?

Rárá, koríko ilẹ̀ tútù ni, kò lè bá oòrùn wa ṣe. Àmọ́ a ní ìbátan fọ́ńgọ́ọ̀sì yẹn. Ergot ni wọ́n ń pè é, orí ọkà bàbà àti jéró ló máa ń jókòó sí nígbà tí wọ́n bá ń tanná, pàápàá tí ojú ọjọ́ bá tutù tí òjò sì ń rọ̀ lásìkò yẹn. Tẹ́ ẹ bá dé inú oko tẹ́ ẹ rí omi kan tó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ bí oyin tó ń kán lára ṣírí ọkà, tí eéṣinṣin àti èèrà bò ó, ẹ fura. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ergot ti ọkà bàbà yìí ti wá, ó dé Australia ní 1996, àwọn màlúù tí wọ́n fún ní ọkà tó ní in níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná lára, wàrà wọn wálẹ̀, gẹ́lẹ́ bíi tàwọn tó jẹ fescue. Torí náà ìdọ̀tí ọkà àti ṣírí tó dúdú tí wọ́n ń fẹ́ dànù ní ọjà, tẹ́ ẹ̀ ń rà lẹ́dìínwó fún màlúù, ẹ wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó dà á sílẹ̀ fún wọn.

Koríko wo wá ni kí n bẹ̀rù jù níbí?

Ọkà bàbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Mo mọ̀ pé ẹnu á ya àwọn kan, torí ọkà bàbà loúnjẹ gbogbo Òkè Ọya, pòròpórò ẹ̀ sì ni màlúù fi ń la ọ̀gbẹlẹ̀ já. Pòròpórò tó ti gbó tó ti gbẹ kò ní wàhálà. Èyí tó ń pa ni ewé tútù tó ń hù jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté lẹ́yìn ìkórè, àti èyí tí òjò àkọ́rọ̀ hù jáde lóṣù kẹrin, kó tó ga tó nǹkan bíi 60 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn kọjá orúnkún àgbàlagbà díẹ̀. Nínú ewé kékeré yẹn ni májèlé tí wọ́n ń pè ní sáyánáìdì pọ̀ sí jù, tí ọ̀dá bá sì ti dá ewé náà lóró, tó rọ tó tún rí òjò hù padà, tàbí tí wọ́n da fàtìláísà sí i púpọ̀, ó tún burú sí i.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Màlúù ti rìn láti àárọ̀, kò rí nǹkan jẹ àfi eruwà gbígbẹ, ebi ti pa á dé góńgó, ó wá dé etí fàdámà kan tí ilẹ̀ ṣì rọ̀, ó rí ọkà bàbà tútù yọ̀yọ̀ tó hù lára kùkùté, ẹ ò ní lè dá a dúró mọ́. Á jẹ ẹ́ ní àjẹkì. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan sí wákàtí kan tàbí méjì, á bẹ̀rẹ̀ sí í mí kíákíá, itọ́ á máa dà lẹ́nu ẹ̀, á máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ á máa kọ́ ara wọn, á ṣubú, á máa ja ẹsẹ̀, á kú. Ẹni tí kò bá mọ̀ á ní oòrùn ló pa á, torí ọ̀sán gangan ni, gbogbo ẹran ló sì ń mí. Àmì kan tó yàtọ̀ ni pé inú ojú àti inú ẹnu ẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á pọ́n fòò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, torí atẹ́gùn wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn ṣùgbọ́n ara ò lè lò ó.

Oògùn wà o: sodium nitrite àti sodium thiosulfate tí dókítà ẹranko máa gún sí iṣan, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ débẹ̀ kíákíá, ẹni tó wà ní Utako tí màlúù ẹ̀ wà ní Abaji mọ̀ pé ìyẹn kò rọrùn. Torí náà ká má jẹ́ kó jẹ ẹ́ ló dáa jù. Ẹ má jẹ́ kí ẹran tí ebi ń pa wọnú irú oko bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ kọ́kọ́ fún un ní pòròpórò gbígbẹ kó yó díẹ̀, kẹ́ ẹ sì dúró kí ọkà náà ga. Tẹ́ ẹ bá gé e tẹ́ ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, sáyánáìdì ẹ̀ máa ń fò lọ púpọ̀.

Ṣé èèpo ẹ̀gẹ́ náà ní in?

Ó ní in. Èèpo tútù lè pa màlúù, ká má tíì sọ ewúrẹ́. Ẹ sá a kó gbẹ kó dún pààpà kẹ́ ẹ tó fún wọn. Àwọn ará ILRI, àjọ àgbáyé tó ń ṣèwádìí ẹran ọ̀sìn, tó wà nínú ọgbà IITA n'Ìbàdàn ti fi ọ̀nà kan hàn tí wọ́n ń gbà rin èèpo, tí wọ́n ń fún omi ẹ̀ dànù kí wọ́n tó sá a, kì í pẹ́ gbẹ rárá, ó sì dára lóúnjẹ.

Màlúù mi kú, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ dúdú bíi ṣokoléètì, kò pọ́n. Kí nìyẹn?

Ìyẹn jọ májèlé tí wọ́n ń pè ní náítíréètì, òdìkejì ti ọkà bàbà tí mo ṣàlàyé yẹn ni, torí níbí ẹ̀jẹ̀ gan-an ni kò lè gbé atẹ́gùn mọ́. Ibi tí wọ́n ti da fàtìláísà tàbí ìgbẹ́ ẹran sí púpọ̀ ló ti ń wá, tí ọ̀dá bá dé, koríko á fa náítíréètì náà mu láti ilẹ̀ ṣùgbọ́n kò ní lè lò ó, á kó o jọ sí ìdí igi ẹ̀. Àgbàdo ń ṣe é, ọkà bàbà ń ṣe é, eèsún tí wọ́n ń gbìn fún ẹran lè ṣe é náà. Èyí tí àwọn èèyàn kì í fura sí ni tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń hù kún ẹ̀yìn ọgbà màlúù níbi tí ìgbẹ́ kó jọ sí, ó tutù, ó dára lójú, nígbà tí gbogbo ilẹ̀ yòókù gbẹ màlúù á lọ dojú kọ ọ́. Ẹ tu ú dànù. Ẹ má sì rò pé tẹ́ ẹ bá sá a gbẹ ó ti parí, ní ti náítíréètì gbígbẹ kò mú un kúrò. Methylene blue ni dókítà ẹranko ń lò fún un.

Awọ màlúù mi ń bó, ibi tó funfun nìkan ló ń bó. Ṣé oòrùn ló jó o?

Oòrùn ló jó o, ṣùgbọ́n koríko ló ṣílẹ̀kùn fún oòrùn. Àwọn koríko kan bíi Brachiaria decumbens, tí àwọn kan ti ń gbìn báyìí torí ó ń yára bo ilẹ̀, ní nǹkan kan nínú tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Tí ẹ̀dọ̀ ò bá lè ṣiṣẹ́ ẹ̀, ìdọ̀tí tó yẹ kó gbé jáde látinú ewé tútù á máa bá ẹ̀jẹ̀ yí ká, tó bá dé abẹ́ awọ tí oòrùn bà á, á jó. Igi lantana náà ń ṣe é, èyí tí wọ́n fi ń ṣọgbà ilé torí òdòdó ẹ̀ rẹwà, ẹ má gé e da sínú ọgbà ẹran o.

Ẹ wo màlúù Friesian aláwọ̀ dúdú-funfun tó bá ní àrùn yìí: ibi tó dúdú á dá ṣáká, ibi tó funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ gan-an á le bíi páálí, á wú, á ṣí kúrò, ààlà àárín méjèèjì á rí bí ẹni fi rúlà fà á. Bunaji wa tó funfun kì í sábà ní in, torí ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti pín irun ẹ̀ sí méjì rí á mọ̀ pé awọ tó wà lábẹ́ irun funfun yẹn dúdú. Ẹ kó èyí tó ń ṣe lọ sábẹ́ òjìji, kẹ́ ẹ mú un kúrò lórí koríko náà, kẹ́ ẹ pe dókítà.

Mo fẹ́ ra Friesian torí wàrà. Ṣé ooru Àbújá ò ní pa á?

Friesian odindi ní Àbújá, èmi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ àfi tẹ́ ẹ bá lówó fáànù, omi àti iná. Tí ojú ọjọ́ bá ti kọjá nǹkan bíi 25°C ara ti ń ni ín, bẹ́ẹ̀ 25 yẹn fún wa òwúrọ̀ ni. Kì í ṣe lásán ni ìtàn Friesian nílẹ̀ yìí fi so mọ́ Vom, lórí òkè Plateau níbi tó tutù. Bunaji, Sokoto Gudali, àwọn wọ̀nyí ní awọ tó tú sílẹ̀, irun kúkúrú tó ń dán, wọ́n ń làágùn ju ti òyìnbó lọ. NAPRI, iléeṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà ní Shika lẹ́bàá Zaria, ti ń da Friesian pọ̀ mọ́ Bunaji láti ọdún pípẹ́, ọ̀nà yẹn lèmi fara mọ́ fún ẹni tó fẹ́ wàrà.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ooru ti pọ̀ jù fún wọn?

Ẹ dúró níbi tí kò ti ní bẹ̀rù yín, ẹ wo ìhà ẹ̀ níbi tó ti ń wọlé tó ń jáde, ẹ fi fóònù ka ìṣẹ́jú kan. Màlúù tí ara ẹ̀ balẹ̀ máa ń mí bí ìgbà 26 sí 50. Tó bá ti kọjá 80 lábẹ́ òjìji, ooru ń dà á láàmú. Tó bá ti ya ẹnu, tí ahọ́n yọ síta, tí itọ́ ń fà, ọ̀rọ̀ ti di pàjáwìrì. Ẹ ra tẹmomítà, kò wọ́n, ihò ìdí lẹ ó ti lò ó: 38 sí 39.3°C ló dáa, 40 ẹ mójú tó o, 41 ẹ má jókòó.

Èyí tó ti ṣubú ńkọ́?

Ẹ má fipá mú un rìn. Omi ni, omi púpọ̀, ẹ dà á sí i lára títí á fi dé awọ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè fẹ́ sí i, torí omi wínníwínní tó bá kàn jókòó sórí irun níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti fẹ́ á tún mú ooru há ni. Gbé omi síwájú ẹ̀ kó mu fúnra ẹ̀.

Ṣé kí n rọ epo pupa sí i lẹ́nu?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ pé nílé wa epo pupa la fi ń lé májèlé, ṣùgbọ́n màlúù tó ń mí hẹlẹhẹlẹ tí kò lè gbórí dúró kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ẹ̀dọ̀fóró ni epo yẹn máa gbà lọ, tó bá sì bọ́ lọ́wọ́ májèlé, epo á pa á. Epo kò sì lè dá sáyánáìdì tó ti wọnú ẹ̀jẹ̀ dúró.

Omi mélòó ló yẹ kí wọ́n mu? Ibùsùn wọn ńkọ́?

Ní ọjọ́ tó tutù, àgbà màlúù lè mu lítà 30 sí 50, lóṣù kẹta ó lè kọjá ìyẹn dáadáa, abo tó ń fún ọmọ lọ́mú tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù omi sábẹ́ òjìji, torí omi tó ti gbóná nínú oòrùn wọn ò ní mu ún tó bó ṣe yẹ. Igi máńgòrò àti dóńgóyárò dára ju gbogbo páànù lọ. Tẹ́ ẹ bá máa kọ́ ibùsùn fún wọn, ẹ fi koríko bò ó, kó ga tó mítà mẹ́ta, kẹ́ ẹ má mọ ògiri yí i ká, páànù tó wálẹ̀ jù ooru ló máa ń rọ̀ lé wọn lórí. Kí wọ́n tètè jáde jẹko ní ìdájí, kí wọ́n padà sábẹ́ òjìji kí aago mọ́kànlá tó lù, kí wọ́n tún jáde ní ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ tó wúwo ẹ fi dalẹ́. Iyọ̀ lílá dára, torí òógùn àti itọ́ ń gbé e jáde lára wọn.

Bàbá tó ń bá mi dà wọ́n ní òun ti mọ gbogbo èyí. Ṣé kí n gbà?

Lọ́pọ̀ ìgbà ó mọ̀ ọ́n lóòótọ́, àwọn Fúlàní ti ń yẹra fún ọkà bàbà kékeré kí bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa tó ra màlúù. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Ohun tó sábà ń fa wàhálà ni pé ọmọ kékeré ló ń dà wọ́n lọ́jọ́ náà, tàbí pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n tètè padà torí àlejò ń bọ̀ wá wo ẹran. Kẹ́ ẹ jọ sọ̀rọ̀ kí ọ̀gbẹlẹ̀ tó dé, ibi tí ewu wà, ẹni tó máa pe dókítà, nọ́ńbà ẹ̀.

Màlúù ti kú lójijì. Ṣé a lè dúńbú ẹ̀ kíákíá ká jẹ ẹ́, tàbí ká tà á?

Rárá. Mo mọ iye tí màlúù jẹ́ báyìí, mo mọ bó ṣe ń dunni, ṣùgbọ́n ẹran tó kú lójijì tẹ́ ẹ ò mọ ohun tó pa á, ẹ má fọ̀bẹ kàn án. Yàtọ̀ sí májèlé, àrùn anthrax náà máa ń pa màlúù lójijì, ó sì ń ran èèyàn. Ní oṣù keje 2023 ni wọ́n rí i ní oko kan ní Suleja, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé tí a ń wá síṣẹ́ l'Ábújá. Tẹ́ ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ dúdú tó ń jáde ní imú, ní ẹnu tàbí ní ìdí ẹ̀ tí kò dì, ẹ lé àwọn ọmọdé àti ajá kúrò níbẹ̀, kẹ́nikẹ́ni má là á, ẹ bò ó, ẹ pe àwọn dókítà ẹranko ìjọba lọ́jọ́ náà. Àwọn ló máa mú nǹkan lọ yẹ̀ wò, àwọn ló sì máa sọ bẹ́ ẹ ṣe máa sin ín.